Ẹni Tó Ń Ké Lórí Yìnyín

Ẹni tó bá wù ú, kó pè mí ní òpùrọ́. Gbogbo abúlé wa ló wà létí odò lọ́jọ́ náà, ojú wa ló sì ṣe.

Òwúrọ̀ ni yìnyín tó ti bo odò Heilong mọ́lẹ̀ látìgbà òtútù fọ́. Ó kọ́kọ́ dún gbàù, bí ìgbà tí wọ́n yìnbọn. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Àwọn ajá pàápàá dákẹ́. Nígbà tó yá, odò bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Yìnyín tó tóbi bí ilé ń gun ara wọn, wọ́n ń lọ ara wọn kúnná.

Sulan dúró ti Dehai, ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí òtútù ń lọ sópin, Dehai ti fẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín sọdá odò lọ kó àwọ̀n, kò sì sùn sílé. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó dé. Kò sọ ohun tó dá a dúró. Láti ìgbà náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

"Ẹ wò ó!" ni ẹnì kan kígbe. "Èèyàn wà lórí yìnyín!"

Lóòótọ́ ni. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ lórí ègé yìnyín ńlá kan, àwọ̀n wà léjìká rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, Sulan rí ojú rẹ̀. Dehai ni.

"Sulan! Ju okùn sí mi! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè yín, ẹ ò gbọ́!"

Ọkùnrin náà tún pè é ní orúkọ tí ọkọ rẹ̀ máa ń pè é bó bá ku àwọn méjèèjì nìkan. Sulan nawọ́ sí okùn ọkọ̀ ojú omi kan tó wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Dehai tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ okùn náà mọ́lẹ̀. "Fi sílẹ̀."

"Ó mọ orúkọ ìkọ̀kọ̀ mi!"

"Mo ní kó o fi sílẹ̀."

Yìnyín náà ti ń sún mọ́ etí odò. Ọkùnrin náà ń sunkún bí ọmọdé. "Màmá! Ẹ gbà mí! Èyí tó dúró tì yín yẹn kì í ṣe èmi!"

Ìyá ò mira. Dehai mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń tukọ̀, ó fi kan ọkùnrin náà láyà, ó tì í padà. Kò kánjú. Ó ń rẹ́rìn-ín. Yìnyín méjì fún un pọ̀ láàárín, a gbọ́ ìró egungun tó ń fọ́. A ò rí ẹ̀jẹ̀ kankan.

Dehai ti ṣáájú lọ sílé. Lójú ọ̀nà, Sulan di apá aṣọ ìyá ọkọ rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ bí i. Èwo ni Dehai nínú àwọn méjèèjì?"

Ìyá ò wo ojú rẹ̀.

"Mo mọ ohùn ọmọ mi nígbà tó pè mí," ló wí. "Yára, lọ dáná. Ebi ń pa ẹni tó wà nílé."