Ọkọ̀ Kò Gun Òkè Wa Mọ́

Ọkọ̀ tuntun náà dúró ní ibùdókọ̀ orí òkè, ó ń dán yanranyanran. Àwòrán ojú olówó tó ra iṣẹ́ ọkọ̀ èrò lọ́wọ́ ìjọba ìlú ló wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ wò ó, ó tutọ́ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí nílé ìwé, nítorí ó kéré, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé mì.

Bàbá rẹ̀ ti ń wa ọkọ̀ ìjọba gun òkè yìí kí wọ́n tó bí i. Ọjọ́ tí olówó gba kọ́kọ́rọ́ ló ní kí àwọn awakọ̀ àtijọ́ máa lọ sílé wọn. Kò sí ẹ ṣeun, kò sí ó dàbọ̀.

"Bàámi, ẹ wá ń wò wọ́n níran?" ni Abẹ́rẹ́ wí nígbà tó délé.

"Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n bá ọkọ̀ jìjàkadì ni?"

"Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná. Màá gbẹ̀san!"

"Ìwé rẹ ni kó o lọ kà. Ìdánwò ti dé tán."

Ìwé wo? Ẹ̀san ni Abẹ́rẹ́ ń rò, ó sì ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó dé ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá àwọn èrò lẹ́nu àríyànjiyàn.

"Èyí kúkú sàn," ni aránṣọ àdúgbò wí. "Nígbà tó jẹ́ ti ìjọba, a ó dúró títí ẹsẹ̀ á fi wú, àga á ti ya, fèrèsé á ti fọ́. Ohun ìjọba, kì í ṣe ti ẹnì kan."

"Ṣùgbọ́n ìjọba ò gbowó lọ́wọ́ arúgbó," ni ìyá àgbà kan fèsì. "Olówó yìí ò mọ̀yá ẹnì kan."

Ibẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti já lu ọ̀rọ̀. "Ti owó kọ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Bíréèkì ọkọ̀ yẹn ò mú. Bàámi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Irọ́ funfun báláú! Bàbá rẹ̀ ò sọ ohun tó jọ ọ́. Àmọ́ ta ni yóò ṣiyèméjì sí ọ̀rọ̀ awakọ̀ tó ti ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa láti ọdún yìí wá? Aránṣọ tó ti gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ yára gbé e kúrò. Ọkọ̀ lọ lófìfo, inú Abẹ́rẹ́ sì dùn ṣìnkìn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, irọ́ ti bímọ. Ẹnì kan ní ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí kòtò, ẹlòmíì ní ẹsẹ̀ èèyàn ti kán. Olówó ò bá wọn jiyàn. Èwo ni tirẹ̀ nínú gbígbé ọkọ̀ òfìfo gun òkè? Ó kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ìlú, níbi tí èrò ti ń ti ara wọn.

"Ojú ẹ̀ á wá já a wàyí!" Abẹ́rẹ́ ń jó nínú yàrá.

Ó ń jó lọ́wọ́ ni bàbá rẹ̀ wọlé, tó jókòó láìbọ́ bàtà.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ olówó yẹn ní àwọn á gbà mí padà," ni bàbá wí. "Àwọn awakọ̀ tuntun ò mọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lórí òkè yìí. Mo lọ gba aṣọ iṣẹ́ lónìí, ọ̀gá wọn ní èmi ni mo ń ba ọjà àwọn jẹ́. Ó ní gbogbo òkè ló ń dárúkọ mi. Ta ló sọ ọ́?"

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Bàámi, ẹ̀san ni mo fẹ́ bá yín gbà."

"Iṣẹ́ ni olówó gbà lọ́wọ́ mi. Orúkọ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo wá gba ìyẹn."

Ní ọjọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ dúró ní ibùdókọ̀, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé irọ́ ni òun pa.

Aránṣọ pòṣé. "Èló ni olówó fún ẹ?"

Àwọn èrò tó ń kọjá rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìyá àgbà nìkan ló kù. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ilé ìwòsàn ló ń lọ.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí, "nígbà tó jẹ́ ti ìjọba, a ní kì í ṣe tiwa. Nígbà tó di ti olówó, a ní ti ọ̀tá ni. Ẹsẹ̀ yìí nìkan ló wá kù tó jẹ́ tèmi."

Abẹ́rẹ́ gba àpò rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀san tí Abẹ́rẹ́ rán sí olówó kò bá a nílé. Ilé bàbá rẹ̀ ló padà wá sùn sí.