Ìgò Kẹrìnlá

Inú òjò ni ọmọbìnrin kan ti wọlé, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì ń wo àwọn ìgò orí pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn ni bàbá mi?"

Àkísà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin olùtọ́jú ìgò. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àrùn ọkàn ti ìjọba, nínú yàrá tútù tí kò ní fèrèsé, níbi tí àwọn dókítà ti ń fi ọkàn òkú inú ìgò kẹ́kọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yìí rí. Ó béèrè orúkọ bàbá náà, ó yẹ ìwé wò, ó tọ́ka sí ìgò kẹrìnlá. Nígbà tí ẹkún gba ẹnu ọmọbìnrin náà, ó gbé àga fún un. Ká má parọ́, ibẹ̀ ni ìfẹ́ ọmọbìnrin náà ti kó sí i lórí.

Aránṣọ ni ọmọbìnrin náà. Ó wá di pé gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń wá.

"Bàbá lo wá kí, àbí èmi?"

"Bàbá ni o jàre. Ìwọ kàn wà lójú ọ̀nà ni."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ìyá ọmọbìnrin náà ni kò gbà. Ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé kó tó kú pé kí wọ́n gba ọkàn òun, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ìbínú yẹn kò tíì kúrò nínú obìnrin náà.

"Ẹni tó ń fi ọkọ mi ṣe ìran ni yóò fẹ́ ọmọ mi? Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún mi kí n sin ín!"

Olùtọ́jú ìgò kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà títí ọ̀gá ilé ìwádìí fi yọ̀ǹda pé kí ìyá gbé ọkàn náà lọ. Ìyá wá tòun ti aṣọ funfun ìsìnkú nínú báàgì. Ó wo ìgò náà pẹ́. Kò rí eruku kankan lára rẹ̀.

"Ta ló ń nù ún?"

"Èmi ni, mà. Láràárọ̀. Mo máa ń kí wọn, 'Ẹ káàárọ̀, Bàbá.'"

"Ibo ni àrùn náà ti ṣe é?"

Ó fi ibi tó dúdú lára ọkàn náà hàn án. "Ibí yìí ni, mà. Òun làwọn dókítà ń wò, kí wọ́n lè tètè mọ̀ ọ́n lára ẹlòmíràn."

Ìyá sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló dá aṣọ funfun padà sínú báàgì, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìgò náà.

"Bàbá ọmọ mi, inú ṣì ń bí mi sí yín. Ẹ dúró síbẹ̀. Ọkọ ọmọ yín rèé. Ẹ̀yin méjèèjì ti ń ríra lójoojúmọ́ kí èmi tó mọ̀ ọ́n."