Irin Ààlà Tí Nùréènì Fà Yọ

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò sì bu ata lé e. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, mi ò ní bá a jà. Èmi náà ì bá fẹ́ kó jẹ́ irọ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí Nùréènì, ṣùgbọ́n Agége ló ti ń jẹun láti ọdún mọ́kànlá. Irin àlòkù ló ń wá. Kì í ti ọmọlanke kiri bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, nítorí ó ti ra ẹ̀rọ kan, ọ̀pá gígùn tí awo pẹrẹsẹ wà ní ìdí rẹ̀. Bí irin bá wà nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ náà á ké. Láti Ìkẹjà dé Agége, àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ti wó kò lóǹkà, ilẹ̀ wọn sì kún fún páìpù àti wáyà bàbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́.

Nùréènì kì í wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Á bọ́ bàtà lẹ́nu géètì, á dọ̀bálẹ̀, á dárúkọ ara rẹ̀ àti ti baba rẹ̀, á sọ ohun tó ń wá. Lẹ́yìn náà, á ní kí onílẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yọ̀ǹda. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n sọ ọ́ ní Lèmọ́mù Onírin. Ó gbà pé ọwọ́ òun mọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan ló dé àgbàlá Adégbénró ní àdúgbò Ọgbà. Ọkùnrin náà ní ilé ìkẹ́rùsí méjì níbẹ̀. Ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó yọ̀ǹda, ó tún fi ẹ̀rín kún un. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kankan kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Nùréènì ń gbọ́ èémí ara rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ àgbàlá, lẹ́bàá ibi tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù sí, ni ẹ̀rọ ti ké. Kò ké bó ṣe máa ń ké. Igbe náà lọ sílẹ̀, ó gùn, kò sì dá nígbà tí Nùréènì gbé ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀. Ó gbẹ́ ibẹ̀ títí ihò fi kàn án lórúnkún. Irin kan ló dúró ṣánṣán nínú sìmẹ́ǹtì, nọ́ńbà wà ní orí rẹ̀. Dígà rẹ̀ ti ha orí irin náà.

Nùréènì mọ ohun tó jẹ́. Awọnlẹ̀ ló máa ń ri irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá pín ilẹ̀. Ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò. Láti ìgbà tí Reuben tó ń gbé lẹ́yìn ibẹ̀ ti kú ni Adégbénró ti ń sọ fún Tinúọlá, opó Reuben, pé ẹ̀yìn kànga obìnrin náà ni ààlà wà. Adégbénró ti hú pèrègún tí Reuben gbìn sí ìpínlẹ̀. Tinúọlá ní irin awọnlẹ̀ wà nínú ilẹ̀, eèpẹ̀ tí wọ́n kó dà sórí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Lọ́jọ́bọ̀, àwọn àgbà ìdílé tó ta ilẹ̀ fún àwọn méjèèjì ń bọ̀ wá wò ó. Bí wọn ò bá rí irin, kànga àti yàrá méjì tí obìnrin náà ń gbé di ti Adégbénró.

Irin ọ̀hún nìyí, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ Adégbénró parí sí. Ẹsẹ̀ ẹni tí kò ni ilẹ̀ ni Nùréènì fi gbàṣẹ.

“Ṣebí irin lo wá wá?” Adégbénró bi í.

“Irin ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n èyí…”

“Fà á yọ. Gbogbo wáyà tó wà nínú àgbàlá yìí ti di tìẹ. Mi ò ní bá ọ pín in.”

Ó fà á yọ. Ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n irin náà lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó fi àpò bò ó.

Kò pẹ́ tí Tinúọlá fi jáde láti ilé rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé, aṣọ funfun ìjọ wọn wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà. Ó gbé kọ́ọ̀pù omi lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yẹn ò rí irin kankan níbẹ̀ yẹn?”

Nùréènì wo Adégbénró. Adégbénró ń wo òkè.

“Rárá, Màmá. Agolo lásán ni.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na omi sí i, ó ní kó mu, pé oòrùn mú. Nùréènì mọ kànga tí omi náà ti wá. Ojú tì í, ó sì mu ún tán.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ta irin náà ní Agége. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ṣe jù ú sínú ọkọ̀ tó ń kó irin lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó padà lọ hú wáyà. Nígbà tó kọjá lórí ihò tó fọwọ́ ara rẹ̀ dí, ẹ̀rọ ké. Igbe àná ni. Ó gbẹ́ ibẹ̀. Irin wà nínú sìmẹ́ǹtì rẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Ibi tí dígà ha wà lórí rẹ̀.

Ó tún fà á yọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e lọ sí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin fúnra rẹ̀, ó dúró títí iná fi gbé e mì. Lọ́jọ́rú, ẹ̀rọ ké níbẹ̀.

Kò gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ó pe Adégbénró wá gbọ́ ọ. Òógùn bo ojú ọkùnrin náà. Ó ní kí wọ́n po sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n dà á bo ibẹ̀, kó nípọn.

Lọ́jọ́bọ̀, àgbà márùn-ún dé. Wọ́n wá irin tì. Ọ̀kan nínú wọn rí Nùréènì, ó ní ṣebí ẹ̀rọ rèé, kó gbé e kọjá lójú gbogbo ènìyàn. Nùréènì ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ẹ̀rọ náà ké, kó bá òun sọ ohun tí ẹnu òun ò lè sọ. Ó gbé e kọjá lórí sìmẹ́ǹtì náà. Kò ké. Ó tún gbé e kọjá. Kò ké. Nùréènì ṣì ní ẹnu, kò sì là á.

Àwọn àgbà fi ààlà sí ẹ̀yìn kànga. Tinúọlá ò sunkún. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Nùréènì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun àti Sìlífátù, ìyàwó rẹ̀, ń gbé ní Agége. Ẹ̀rọ náà ké. Igbe gígùn, tó lọ sílẹ̀. Ó fi dígà fọ́ ilẹ̀ yàrá. Orí irin ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ibi tí dígà ha. Ó fà á, kò wá. Aládùúgbò méjì bá a fà á, kò mì. Sìlífátù béèrè kí ni. Ó ní páìpù onílé ni. Irọ́ kejì nìyẹn, ó sì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

Ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti irin dé ògiri ibi tí wọ́n ń gbórí sí. Ẹsẹ̀ méje. Ní àárọ̀ Ẹtì, ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ní Àbámẹ́ta, márùn-ún. Ibi tí irin náà ti kúrò kò ní ihò. Ilẹ̀ ibẹ̀ dán, bí ẹni pé dígà ò kàn án rí. Sìlífátù ti tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí apá ẹnu ọ̀nà. Nùréènì bi í pé kí ló dé.

“Mi ò mọ̀,” ó ní. “Ọ̀hún yẹn kàn ń ṣe mí bí ilé onílé.”

Lọ́jọ́ Àìkú, Nùréènì lọ jẹ́wọ́ fún àwọn àgbà. Wọ́n ní wọ́n ti fọwọ́ síwèé, pé irin tó wà nínú yàrá l’Ágége kò lè jẹ́rìí ilẹ̀ Ọgbà. Ó lọ bá Tinúọlá. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí Adégbénró ń mọ ti ga dé ìbàdí yí kànga ká. Obìnrin náà ń di ẹrù. Nùréènì dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn, ó rò gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

“Mo rí ọ,” Tinúọlá sọ. “Ojú fèrèsé ni mo wà nígbà tí o fà á yọ. Ìdí tí mo fi gbé omi wá nìyẹn. Mo ní bóyá tó o bá mu ún, wàá sọ.”

Nùréènì ò lè gbójú sókè. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó bá òun dé Agége, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún irin náà pé ó tó.

“Mo ti forí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló nilẹ̀ mọ́. Mi ò ní àṣẹ kankan tí mo lè fún ọ.”

Nùréènì délé, ó wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló kù. Sìlífátù gbé oúnjẹ rẹ̀ dé etí irin, ó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, ó padà láìkọjá rẹ̀. Nùréènì jókòó ti ògiri ní apá tó ṣẹ́kù fún un, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra.