Àlàfo Tí Kò Dí

Ohun tó kọ́kọ́ fu mí lára ni pé ọ̀gá ilé ìkàwé ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè mọ́ kó tó ti pẹpẹ ìwé.

Ní ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé náà, orí irin gbọọrọ ni àwọn pẹpẹ dúró lé. Bí o bá yí ọwọ́ tó wà lára ọ̀kan, á rìn lọ lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀. Ó ga ju èèyàn lọ, ó sì wúwo bí ọkọ̀ akẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi máa ń pè kí wọ́n tó yí i: "Ta ló wà láàárín?" Bí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n á yí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ fún mi. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó di àwátì. Ọ̀gá ní ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ sá lọ ni. Sá lọ síbo? Ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ bọ̀ wálé ṣì wà lára ìṣó níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyá wa kì í ti ilẹ̀kùn. Èmi tí mo jáde yunifásítì, tí mo ti gbé pátákó ìfẹ̀hónúhàn kiri ìgboro, ni mo lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kí n lè mọ òótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n ti pẹpẹ ìkẹyìn. Mo yí i, ó dúró. Àlàfo kan kù, kò fẹ̀ ju èjìká èèyàn lọ. Kò sí nǹkan kan lójú irin, àfi pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ọ̀dà tuntun kùn. Òórùn ìpara tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ra ẹ̀yìn rọra fẹ́ sí mi lójú.

Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ta ló wà láàárín?"

"Èmi ni, Lọ́yà. Ọ̀gá ò pè."

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń pè mí ní Lọ́yà, torí ẹnu mi kì í dákẹ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

"Orí ẹ dàrú? Eku ni!"

"Eku tó mọ ìnagijẹ mi? Ẹ wọlé, sà, kẹ́ ẹ lé e jáde fún mi."

Ó pòṣé, ó fẹ̀gbẹ́ wọlé, ikùn rẹ̀ ń ha àwọn ìwé. Ọwọ́ méjèèjì mi wà lẹ́yìn mi nígbà tí ọwọ́ ara pẹpẹ náà gbọ̀n.

"Ta ló wà láàárín?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ròkè, bí ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ń pè.

Ojú ọ̀gá wá mi kiri.

"Ẹ dáhùn, sà."

"Kò sẹ́ni tó pè mí," ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Ohùn náà dúró de ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀; nígbà tó fi padà sẹ́yìn, kò sí ọ̀gá níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ọ̀gá, mo ní ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ sá lọ ni. Kóòtù rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá wa, ó sunkún, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn ò tíì dí. Ó ti gba èèyàn méjì báyìí, mi ò sì tíì láyà láti tún pè.