Àáró Tí Dọ̀tun Pè Nínú Igbó Páìnì

Ebè ni Ọládọ̀tun kọ́kọ́ rí. Ó ti páàkì mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ti wọ bàtà òjò tán, ó gbójú sókè, ebè ló rí. Kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnì kan kàn rú ṣá o. Ebè iṣu gidi ni, ribiti ribiti, wọ́n tò láti etí odò kékeré yẹn dé ìdí àwọn kùkùté, ẹnì kan sì ti fi koríko gbígbẹ dé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, òkè ìlú The Woodlands nibẹ̀ yẹn o, lórí ilẹ̀ tí òyìnbó fẹ́ gbin igi páìnì sí. Ta ní ń kọ ebè iṣu ní Texas?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Dọ̀tun ṣe débẹ̀. Ẹnjiníà epo ni. Houston ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ríṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ti gbé Mojọlá níyàwó. Àfi bí owó epo ṣe já wálẹ̀ ní 1986, tí àwọn iléeṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́ bí ẹni ń lé adìẹ nídìí àgbàdo. Nígbà tí owó daycare ọmọ fẹ́ di ìjà nínú ilé, Dọ̀tun gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Helen, obìnrin òyìnbó kan tó ń gba iṣẹ́ títún ilẹ̀ ṣe fún àwọn tó ń gbin páìnì. Helen fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wa katakata.

Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbomi dúró. Bí gbòǹgbò páìnì bá sì ti ń mumi jù, ó ti kú nìyẹn, nítorí náà katakata gbọ́dọ̀ kó erùpẹ̀ jọ sókè kí wọ́n tó gbìn ín. Òjò wá rọ̀ títí, katakata kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn tó máa gbin igi ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Helen sì ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣe tán lọ́jọ́ náà, kí Dọ̀tun máa wá iṣẹ́ mìíràn.

Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, Dọ̀tun jókòó lórí kùkùté, ó jẹ búrẹ́dì tán, inú wá bí i. Ó rántí bí àwọn bàbá rẹ̀ ní Ìkìrun ṣe máa ń ro oko ẹnì kan lónìí, tí wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Ó pariwo sínú igbó pé, “Ẹ̀yin ará ilé wa, àáró dà? Ẹ bá mi ṣe tèmi, màá bá yín ṣe tiyín!” Ẹ̀fẹ̀ ló pè é. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ bá ebè yìí.

Helen dé, ó yí ebè po, ó ki irin bọ̀ ọ́, ó ní gbòǹgbò kankan kò ní kú síbẹ̀ yẹn. Ó bi í pé ta ló ṣiṣẹ́ yìí. Dọ̀tun ní àwọn èèyàn òun ni. Òyìnbó rò pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Stafford lẹ́bàá Houston ló ń sọ. Ó ní kó bá òun kí wọn, kí wọ́n sì jọ̀ọ́ parí òdìkejì odò.

Nígbà tó délé sọ ọ́, Mojọlá, ọmọ Aládùúrà tòótọ́, ní Dọ̀tun kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́. Dọ̀tun ní ta ló máa wá sanwó apartment? Mojọlá dìde, ó lọ se ìrẹsì tó máa gbé lọ fún wọn.

Ní ìdájí Sátidé, kùrukùru bolẹ̀. Dọ̀tun gbọ́ ìró ọkọ́ kó tó rí ẹnikẹ́ni. Ó gbóòórùn áásáà. Lẹ́yìn náà ló rí wọn, àwọn àgbà ọkùnrin tó tẹ̀ba sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n dúró nínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ kò sì kan ẹsẹ̀ wọn. Babáwálé, olórí aláàáró Ìkìrun, ló ṣíwájú. Ojú Dọ̀tun báyìí ni wọ́n ṣe sin ín. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Ọlọ́runyọmí, bàbá tó bí Dọ̀tun lọ́mọ, tó kú nígbà tí Dọ̀tun ń ṣe ìdánwò àṣekágbá, tí ọmọ kò sì rówó wọkọ̀ òfuurufú lọ sin ín.

Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sì ń sunkún. Ó rọra ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá.”

Bàbá kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. “Igi tí ẹnu ò lè jẹ lo wá ń gbìn?”

“Pákó àti ìwé ni wọ́n máa fi ṣe, sà.”

“Ìwé náà ló sáà gbé ọ dé bí.”

Dọ̀tun sáré gbé kúlà ìrẹsì wá. Babáwálé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dún. “Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń fi oúnjẹ bẹ̀, ọmọ. Àáró lo pè. Iṣẹ́ la fi ń san án. A máa parí tìrẹ lónìí. Ọ̀la, ó kan tiwa.”

Dọ̀tun bèèrè ibi tí oko wọn wà.  Gbogbo wọn kàn jọ wo ilẹ̀. Ó yé e pé abẹ́ ilẹ̀ ni.

Bàbá rẹ̀ sún mọ́ ọn. “Wọ́n ń rán nǹkan wá dípò ara ẹni,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Kí lo ní?”

Dọ̀tun wẹ̀yìn. Katakata Helen ló rí. Kì í ṣe tirẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ náà, bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́? Ó nàka sí i. Babáwálé fọwọ́ gbá irin rẹ̀, ó yí i po, ó gbóòórùn èéfín ẹnu rẹ̀, ó mi orí pé òun gbà á.

Nígbà tí kùrukùru ká, ebè ti pé, katakata kò sí mọ́. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ dé àárín oko, ó dúró síbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, páìnì wọlẹ̀. Helen pe ọlọ́pàá nítorí katakata, wọ́n wá, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní olè Texas lágbára. Helen sọ Dọ̀tun di ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́. Dọ̀tun lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wòlíì bi í pé kí ló ń torí ẹ̀ dúpẹ́, ó ní nítorí ìrìn àjò tí òun kò lọ ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù láti Ìkìrun. Màmá ní òun lá àlá bàbá rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Bàbá ní ẹ̀bùn tí Dọ̀tun fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ àwọn. Dọ̀tun mí kanlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Olúwa.

“Nǹkan kan ló kù, ọmọ mi,” Màmá ní. “Bàbá rẹ ní kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó mọ katakata náà wà. Babáwálé ní kí o wá kọ́ àwọn, o ò ní pẹ́ rárá. Mo ti bá ọ dá wọn lóhùn. Mo ní ọmọ tèmi kì í kọ iṣẹ́ àgbà.”