Ẹni Tó Fi Ushijima Síta

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ jẹ́ kí ìrì dídì máa bọ́ níta níbi tí ọ̀rọ̀ kàn án. Ìtàn ìfẹ́ ni mo gbé wá fún yín, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má la ẹnu sílẹ̀ de oyin. Inú ìbínú ni wọ́n ti se ìfẹ́ yìí jinná. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó kọ́kọ́ fẹnu fẹ́ ẹ.

Òjò ń rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí Chigusa kọ́kọ́ rí Yasuhiko. Akàn, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfigigbá ìlú Kazemori, ti pàdánù ìdíje tó kẹ́yìn ọdún, àwọn èrò sì ti túká kúrò ní pápá Kazemori tàwọn ti orí títẹ̀. Chigusa ń nu omi kúrò lára fèrè idẹ rẹ̀ nígbà tó rí ọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù olówó ńlá, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń ṣa ife bébà tí àwọn èèyàn gbàgbé sáàárín àga. Òjò ti lẹ irun rẹ̀ mọ́ iwájú orí bí ewéko inú òkun. Ó ń kọrin sábẹ́ èémí, orin Ushijima, ajubọ́ọ̀lù Akàn, sì ni.

Nídìí bọ́ọ̀lù àfigigbá tiwa, eléré kọ̀ọ̀kan ló ní orin tirẹ̀, bí ọmọ ṣe ń ní oríkì. Tetsuzō, bàbá Chigusa, ni olórí àwọn tó ń fi orin gbé Akàn lárugẹ. Òun ló ṣe orin Ushijima lọ́dún tí ajubọ́ọ̀lù náà dé, nígbà tí Chigusa kò tíì pààrọ̀ eyín. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣì í kọ níṣojú ọmọbìnrin yìí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó ké sí i, "ṣé orin lẹ̀ ń kọ ni, àbí ẹ ń lé ológbò nídìí ẹja?"

Ọkùnrin náà yíjú, ó rẹ́rìn-ín. "Ológbò ọ̀hún ti gbé ẹja lọ. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Chigusa gbé fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́n fún ọkùnrin náà nìkan láàárín pápá tó ṣófo. Nígbà tó parí, ojú ọkùnrin náà ti pọ́n. Ó ní òjò ni. Chigusa ní òun kò tíì rí òjò tó ń ti inú ojú jáde rí.

Ọkùnrin náà kò parọ́ fún un. Ó ní òkè lòun ti ń ṣiṣẹ́. Àjà tó ga jù lórí pápá ni ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pe àwọn tó ń ra eléré, tó ń ta eléré, ní ará òkè. Mẹ́ta ni wọ́n. Yasuhiko ló kéré jù nínú wọn. Láti ọjọ́ náà ni Chigusa ti ń pè é ní Ará Òkè, tí òun náà sì ń pe Chigusa ní Oníkàkàkí.

Kí otútù tó mú dáadáa, Yasuhiko ti di ará ilé oúnjẹ Tetsuzō. Ìkòkò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí ẹyin, àkàrà ẹja àti ẹ̀fọ́ oníṣu funfun ń hó nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Tetsuzō, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín àyàfi lọ́dún tí Akàn bá gbé ife, á máa bu ẹyin tó jinná jù sínú àwo ọmọkùnrin náà láìjẹ́ pé ó tọrọ.

"Bàbá rẹ fẹ́ràn mi jù ọ́ lọ," ni Yasuhiko sọ sí i létí.

"Lọ fẹ́ bàbá mi nígbà náà," ni Chigusa fèsì, àmọ́ ó fi ìgúnpá gún un, ẹ̀rín sì kún ojú rẹ̀. Ó ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá béèrè, bẹ́ẹ̀ ni lòun máa dáhùn. Ó béèrè lóòótọ́, ní ọjọ́ tí àwọn ọkọ̀ ojú omi kó akàn àkọ́kọ́ dé èbúté. Wọ́n ní bí ọdún tuntun bá dé làwọn máa sọ fún Tetsuzō.

Ọdún tuntun kò tíì dé tí Akàn fi na owó gọbọi, wọ́n fa Akasaka, agbábọ́ọ̀lù àgbàyanu, kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Ìjì ti Tokyo. Ìlú yọ̀. Àmọ́ òfin eré wa ni pé ẹgbẹ́ tí wọ́n fa irú eléré bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè wá mú ẹnì kan padà bí ẹni tó wá gba ẹ̀san. Eléré méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni ẹgbẹ́ tó fa eléré lè kó pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́ bí adìyẹ, kí wọ́n má lè mú wọn. Ìta làwọn yòókù wà, àṣá sì ń wò wọ́n.

Ta ni ká fi pamọ́? Ta ni ká fi síta? Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé Tetsuzō.

"Àwọn ọmọdé ni kí wọ́n fi pamọ́!" Gondō tó ń wa takisí ló ń pariwo. "Kiyose kò tíì pé ogún ọdún, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ń sáré bí ìbọn. Ushijima ti fẹ́ pé ogójì. Èjìká rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn ilé mi!"

"Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, ṣé ó lè ní àkísà tó o?" Tetsuzō fi ìgbakọ lu etí ìkòkò. "Lọ́dún tí ilẹ̀ mì tì tì tó fọ́ èbúté wa, tí gbogbo eléré ńlá sá lọ, ta ló dúró?"

"Bàbá yìí, bí wọ́n bá gbà fún ẹ, wàá hú òkú jáde wá ju bọ́ọ̀lù!"

"Òkú ọ̀hún á jù ú dáadáa ju ìwọ tí bọ́ọ̀lù fọ́ nímú nílé ìwé!"

"Ẹ má tutọ́ sínú ọbẹ̀ mi," ni ìyá Fusae wí, arúgbó tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́nu ọ̀nà pápá. "Mo ti sanwó rẹ̀."

Tetsuzō yíjú sí Yasuhiko. "Ará Òkè, abẹ́ ìyẹ́ ni Ushijima wà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bàbá, wọn kò gbà wá láyè láti sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Àmọ́ bá mi sọ fún wọn lókè. Ẹni tó bá fi Ushijima síta kò ní jẹun nílé mi mọ́ láyé."

Chigusa rí i tí igi ìjẹun ọkùnrin náà dúró lójú kan. Ó rò pé ẹyin ló gbóná.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọdún ni rédíò kéde rẹ̀. Ìjì ti mú Ushijima.

Inú tó bí Kazemori lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá gbé ìkòkò sórí rẹ̀, á hó. Àwọn ọkọ̀ dúró sójú títì tí wọ́n ń fun fèrè láìgbẹ́nu. Gondō tó ti ní kí wọ́n fi àgbà síta, òun ló kọ́kọ́ dáná sun fìlà Akàn rẹ̀. Àwọn ará òkè fi ọ̀rọ̀ dídùn ránṣẹ́ pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ushijima fún iṣẹ́ takuntakun. Wọn kò sọ ẹni tó ṣe é.

Yasuhiko gba ẹ̀yìnkùlé wá. Chigusa ń fọ ẹ̀fọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n fún otútù.

"Èmi ni," ni Yasuhiko wí.

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í síta. Àwọn méjì yòókù ń ṣiyèméjì. Mo ní àgbà ni, èjìká rẹ̀ ti gbó, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ẹ. Mo tún ní ojú á ti Ìjì láti wá mú bàbá onílùú lọ."

Chigusa dìde díẹ̀díẹ̀. "Ìtìjú ẹlòmíì lo fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ilé wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lẹ ṣe é?"

"Kí bàbá rẹ tó bi mí léèrè."

"Á à. O mọ̀. O jókòó ti ìkòkò bàbá mi, ò ń jẹ ẹyin bàbá mi, o sì mọ̀."

"Àyànfẹ́ mi…"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀! O rò pé tìtorí Ushijima nìkan ni? Ẹnu rẹ tó mọ oúnjẹ jẹ, tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, òun ló ń bí mi nínú!"

"Bí mo bá sọ ọ́ níta, wọ́n máa lé mi lọ. Òfin ibi iṣẹ́ ni."

"Ushijima ń di ẹrù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń sunkún fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ wá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́?" Ó gbé korobá, ó da omi tútù inú rẹ̀ lé bàtà Yasuhiko lórí. "Kó ẹsẹ̀ rẹ lọ. Ọjọ́ tí o bá rí ẹnu tí wàá fi bá bàbá mi sọ̀rọ̀, kí o padà wá. Bí o kò bá rí i, ó dìgbóṣe."

Yasuhiko lọ. Chigusa kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló wá sọ ìbínú rẹ̀ di méjì: ọ̀kan sí ọkùnrin náà, ọ̀kan sí ara rẹ̀. Òun náà ti di ẹni tó ń jókòó ti ìkòkò tí kò lè sọ̀rọ̀. Bí ó bá sọ ọ́, ó ti ju olólùfẹ́ rẹ̀ sẹ́nu ajá. Bí kò bá sì sọ ọ́, irú ilé wo ni òun àti ẹni tó fara pamọ́ máa kọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ìlú kò rí ẹni tí wọ́n máa bú, wọ́n dojú kọ Okabe, olùkọ́ni àwọn eléré, ẹni tí kò tilẹ̀ sí níjòókòó níbi tí wọ́n ti pinnu. Wọ́n da ìfun ẹja sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò lè lọ sọ́jà mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ilé Tetsuzō kún fọ́fọ́. Gbogbo wọn fẹ́ tò lọ sílé Okabe, kí wọ́n lọ bú u títí tí á fi kó kúrò nílùú. Tetsuzō ti wọ bàtà.

"Bàbá mi, ẹ dúró," ni Chigusa wí. "Okabe kọ́."

"Ta wá ni?"

Kí Chigusa tó dáhùn, ẹnìkan fa ilẹ̀kùn láti ìta. Yasuhiko ló wọlé, ìrì dídì kún èjìká rẹ̀, ó sì dojúbolẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Orúnkún kì í sọ̀rọ̀," ni Tetsuzō wí. "Dìde, kí o sọ ohun tó bá ọ débí."

Ó dìde, ó sọ ọ́. Kò fi ẹnikẹ́ni bora. Gondō fò lé e, àmọ́ ìyá Fusae na ìgbakọ gbígbóná sáàárín wọn. "Jẹ́ kó parí rẹ̀, ìwọ tó sun fìlà!"

"N kò ní tún parọ́ lé e," ni Yasuhiko wí. "Bí ẹ bá ní kí n tún yàn lónìí, Kiyose náà ni mo ṣì máa fi pamọ́. Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé mo gbẹ́kẹ̀ lé ìtìjú àwọn ẹlòmíì. Èyí tó burú jù ni pé mo mọ̀, mo sì ń jẹ oúnjẹ yín. Ẹ fi Okabe sílẹ̀. Èmi nìyí."

Tetsuzō ń wò ó. "O ṣì máa fi Kiyose pamọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Níṣojú èmi yìí?"

"Níṣojú yín, Bàbá."

"Ohun tí mo sọ nígbà náà nìyẹn!" ni Gondō ké.

"Ìwọ tún ni? Kí lo wá sun fìlà sí?" ni ìyá Fusae bi í.

Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní Kiyose, àwọn kan ní Ushijima, àwọn kan ń tọrọ ọtí. Kò sẹ́ni tó tún rántí ilé Okabe mọ́. Tetsuzō bọ́ bàtà rẹ̀, ó padà sẹ́yìn ìkòkò. Ó nawọ́ sí ìta láìwo ojú Yasuhiko. "Mo ti sọ pé ẹni tó bá fi Ushijima síta kò ní jẹun níbí mọ́. Ẹyin lohùn. Máa lọ."

Yasuhiko tẹrí ba, ó jáde. Chigusa bọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Ó bá a nídìí ògiri èbúté, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń gbá ènìyàn létí.

"Má rò pé mo ti dárí jì ọ́," ni Chigusa wí. "Inú ń bí mi. Inú á ṣì máa bí mi nígbà tí bọ́ọ̀lù bá tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ushijima bá wọ aṣọ Ìjì wá síbí, mo lè fọ́ abọ́ mọ́ ọ lórí."

"Mo mọ̀."

"Ilé kan ni ìbínú mi yìí. Ó lórùlé, ó sì ní yàrá. Ṣé o lè gbé inú rẹ̀?"

"Màá bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà," ni Yasuhiko wí, "màá sì rọra wọlé."

Chigusa gbá a láyà, ó tún gbá a, lẹ́yìn náà ó gbé orí lé ibi tó gbá.

Wọ́n lé Yasuhiko lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ó rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe omi dídì fún àwọn apẹja. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ìgbà ìrúwé; Tetsuzō wá, ó mutí, kò bá ọkọ ìyàwó sọ gbólóhùn kan. Gbogbo ọdún náà, ẹnu Chigusa ló ń gbà bá a jà. "Sọ fún ọkọ rẹ pé Kiyose tún ju bọ́ọ̀lù sóko lánàá." "Sọ fún bàbá rẹ pé Kiyose ti borí nígbà mẹ́sàn-án." Àwo oúnjẹ sì ń ti ẹ̀yìnkùlé jáde lọ fún ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹun nínú ilé, Tetsuzō ń wòkè bí ẹni tí kò rí i.

Nígbà tí otútù tún dé, Akàn tún fẹ́ ra eléré olówó ńlá, ìjà ta ni ká fi pamọ́ sì tún bẹ̀rẹ̀. Yasuhiko dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró de ìyàwó rẹ̀. Kò lè mú un mọ́ra. Ó ké láti ìta pé Akasaka ni kí wọ́n fi síta, nítorí pé kò sí ẹni tó lè san owó rẹ̀.

Tetsuzō ju ìgbakọ sílẹ̀. Iṣan ọrùn rẹ̀ le.

"Ìwọ ọkọ ọmọ mi yìí," ni ó bú mọ́ ọn, "òmùgọ̀ ni ọ́! Kí lò ń dúró sínú otútù pariwo sí? Wọlé wá jókòó, kí n fi bí o ṣe gọ̀ tó hàn ọ́!"

Chigusa ti gbé àwo kan sílẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó bọ́ bàtà tán.

Ìyá Fusae tó di ìgbakọ mú lọ́jọ́ ìjà ló sọ ọ́ fún mi, lẹ́nu ọ̀nà pápá, nígbà tó ń wọn ẹja gbígbẹ fún mi. Ó ní bí mo bá bù mọ́ ọn, òun kò sí ńbẹ̀.