Ẹ Di Ọwọ́ Ọmọ Yín Mú

Àyànfẹ́olúwa di ọwọ́ Jùwọ́n, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin, mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àjọ̀dún àwọn ọmọdé ni, pápá ilé-ìwé tó kọjú sí òpópónà márosẹ̀ ní Ìbàfò sì kún fọ́fọ́. Ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù ti ra ẹ̀wù pupa kan náà fún gbogbo ọmọ àdúgbò.

Abẹ́ kánópì ni àwọn ìyá wà. Bí ọkàn ìyá kan bá sọ sí ọmọ rẹ̀, á gbójú sókè, á rí ẹ̀wù pupa kan tó ń sáré kọjá, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó, àmọ́ àwo ìrẹsì ni igba ènìyàn ń wò lọ́jọ́ náà.

Kí ìyá Àyànfẹ́olúwa tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Asese ló ti kìlọ̀ pé, "Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Má fi ọwọ́ àbúrò ẹ sílẹ̀ o." Síbẹ̀, nígbà tí Lateefah ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é wá jó, ó gbé Jùwọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ń bọ̀.

Orin kan di mẹ́ta. Nígbà tó padà dé, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Ó fa ẹ̀wù pupa kan, ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó fa òmíràn, kì í ṣe Jùwọ́n. Ariwo ọkọ̀ ń bọ̀ láti márosẹ̀, àyà rẹ̀ já. Lateefah ní kí àwọn rọra wá a, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Ojú ń ti Àyànfẹ́olúwa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìtìjú kò lè dá ọkọ̀ dúró.

Ó gorí pèpéle, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ògúnkànmí, alága ẹgbẹ́, ó tọrọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ wọn. Ó fẹ́ sunkún, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

"Ẹ jọ̀ọ́, ijó ni mo lọ jó, mi ò rí àbúrò mi mọ́. Ẹ̀wù kan náà ni gbogbo wọ́n wọ̀. Kí kálukú di ọwọ́ ọmọ tiẹ̀ mú, kó wo ojú ẹ̀ dáadáa. Ọmọ tó bá ṣẹ́kù, àbúrò mi nìyẹn."

Orin dákẹ́. Àwọn ìyá ju ṣíbí sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ku ọmọ kan ṣoṣo lẹ́yìn kúlà omi, tó ń fi yìnyín ṣeré. Jùwọ́n ni. Àyànfẹ́olúwa gbé e mọ́ra, ó bú sẹ́kún.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé ọwọ́ Ìyá Ikram, ọ̀kan nínú àwọn ìyá abẹ́ kánópì, ṣófo. Ó dá a lójú pé òun ti ń rí ọmọ òun láti àárọ̀; ẹ̀wù ló ń rí. Àwọn ọkùnrin sáré gba ẹnu géètì. Ikram ti dé etí márosẹ̀, ó ń juwọ́ sí àwọn ọkọ̀. Wọ́n gbé e padà láìfarapa.

Bàbá Ògúnkànmí gbé ọwọ́ Àyànfẹ́olúwa sókè, gbogbo pápá sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, Àyànfẹ́olúwa fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún un. Ìyá bá a wí dáadáa kó tó dì mọ́ ọn, kó sì súre fún un.

Láti ọjọ́ náà, kò sí àjọ̀dún kankan ládùúgbò yẹn tí wọn kì í ti í dá orin dúró láàárín, kí Àyànfẹ́olúwa gba gbohùngbohùn, kó ní, "Ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú." Ojú ọmọ ni kí òbí máa wò, ẹ̀wù kì í ṣe ọmọ. Ọ̀dọ́ tó bá sì ṣìṣe, kó tètè sọ ọ́; ẹ̀mí tí òtítọ́ rẹ̀ máa gbà là lè má jẹ́ ti ará ilé rẹ̀ nìkan.